Gbígba ológbò aláìsàn tọ́ ní Òṣogbo: ẹ wá òògùn kí ẹ tó wá ológbò

Òògùn ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ ti máa rí, kí ẹ tó lọ gbé ológbò. Ológbò tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ gbọọrọ lè lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ohun tó sábà máa ń dá a dùbúlẹ̀ ni òògùn tó tán lálẹ́ Sátidé, tí ibi tí wọ́n ti ń tà á kò ní í ṣí títí di àárọ̀ Mọ́ńdè. Ìdí nìyí tí ìtọ́sọ́nà yìí fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àti olóògùn, tí ológbò fúnra rẹ̀ fi gbẹ̀yìn.

1. Ẹ wá dókítà ẹranko tó mọwọ́ ológbò

Kì í ṣe gbogbo dókítà ẹranko ló ń fọwọ́ kan ológbò lójoojúmọ́. Ẹ lè bá ẹni tó mọ àrùn adìẹ dénú, kó má sì tíì fa ẹ̀jẹ̀ ológbò rí. Ẹ pè é lórí fóònù kí ẹ bi í léèrè: Ṣé ó ní ohun ìdánwò kíákíá fún FIV àti FeLV, fáírọ́ọ̀sì méjì tó ń sọ agbára ara ológbò láti bá àrùn jà di aláìlera? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún kíndìnrín àti ṣúgà, àbí ó máa fi ránṣẹ́ síbòmíràn, ọjọ́ mélòó sì ni èsì máa gbà? Ṣé ó lè ki rọ́bà sí ojú ìtọ̀ akọ ológbò tó bá dí? Ta ni ká pè tó bá di aago 11 alẹ́?

Ìbéèrè nípa ìtọ̀ yẹn ló ṣe kókó jù. Ilé ìwòsàn ẹranko Fásitì Ìbàdàn wà fún ohun tí ọwọ́ kò bá ká níbí, àmọ́ nǹkan bíi wákàtí méjì ni ojú ọ̀nà, ológbò tí ìtọ̀ há mọ́ nínú kò sì lè dúró de ọkọ̀ àárọ̀.

Ẹ béèrè bóyá orúkọ dókítà náà wà nínú ìwé Veterinary Council of Nigeria. Kì í ṣe àrífín. Ẹni tó ń ta oúnjẹ adìẹ tó tún ń gún ajá lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe dókítà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú orúkọ òògùn tí ológbò náà ń lò lọ sí ilé olóògùn méjì, ó kéré tán, kí ẹ wò bóyá wọ́n ní in. Púpọ̀ lára òògùn ológbò jẹ́ òògùn èèyàn tí a dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Tí kò bá sí ní Ọláìyá tàbí Òkè-Fìà, ẹ mọ ẹni tó máa fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn àti ọjọ́ tó máa gbà. Ẹ wá ro owó oṣù kan: òògùn, oúnjẹ, àyẹ̀wò. Ẹ fi ìlọ́po méjì rẹ̀ pamọ́ fún ọjọ́ tí nǹkan bá yíwọ́. Tí owó yìí kò bá sí nílẹ̀, ẹ ní sùúrù ná.

2. Ẹ ka ìwé ológbò náà, kí ẹ sì fojú ara yín wò ó

Ó lè jẹ́ ilé aláàbò ẹranko ní Èkó tàbí Ìbàdàn ni ẹ ti fẹ́ gbà á, ó sì lè jẹ́ ọwọ́ ẹni tó rí i lẹ́bàá títì ní Òkè-Baálẹ̀. Ibi yòówù kó jẹ́, ẹ má gba “ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá” gẹ́gẹ́ bí àlàyé. Ẹ gba orúkọ àrùn, ọjọ́ tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò àti èsì rẹ̀ lórí ìwé, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, oúnjẹ tó ń jẹ lọ́wọ́, àti orúkọ òògùn kọ̀ọ̀kan: mílígíráàmù mélòó, aago mélòó, ìgbà wo ni ó lò ó kẹ́yìn. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fún un lóògùn lójú wọn. Tí ẹ kò bá lè ṣe é níbẹ̀ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró tì yín, ẹ kò ní lè ṣe é ní yàrá yín.

Ẹ ṣí ètè rẹ̀ díẹ̀: èrìgì tó pupa rẹ́súrẹ́sú dára, èyí tó funfun tàbí tó pọ́n bí ọsàn kò dára. Nígbà tó bá ń sùn, ẹ ka mímí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1. Àyà tó wú tó sì padà jẹ́ ẹyọ kan. Tó bá ń ju 30 lọ, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí. Ẹ dúró kí ẹ rí i tó jẹun, tó sì tọ̀.

Ẹ bá wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ lè dá a padà láàárín ọjọ́ 14, àti ẹni tó máa san owó dókítà láàárín àkókò náà.

3. Àìsàn wo ni ẹ lè bá gbélé?

Fún ẹni tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kíní, ológbò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, afọ́jú, tàbí èyí tó ní FIV tí ara rẹ̀ le ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má gba alátọ̀gbẹ àfi tí ẹnìkan bá wà nílé láti gún un lábẹ́rẹ́ láago 7 àárọ̀ àti aago 7 alẹ́, lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ òkú.

Afọ́jú: ẹ má máa gbé àga kiri. Tí ẹ bá ti fi omi rẹ̀ àti báàfù iyanrìn tó ń tọ̀ sí síbì kan, kí wọ́n máa wà níbẹ̀. Ẹ pè é kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta: tálẹ́ẹ̀sì tó ń yọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹní, ẹ má sì jẹ́ kó sanra, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ń gbé gbogbo ẹrù. Àwọn kan máa ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ látìgbà tí wọ́n ti bí wọn nítorí pé apá kan nínú ọpọlọ wọn kò dàgbà tán. Aládùúgbò á ní ó mutí yó, tàbí pé ẹ̀mí kan ló wà lára rẹ̀. Kì í ràn, kì í sì í burú sí i. Abọ́ tó ga díẹ̀ àti báàfù iyanrìn tó ní ẹ̀gbẹ́ tó lè fara tì ló nílò.

FIV àti FeLV: fáírọ́ọ̀sì méjèèjì yìí kì í ran èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ran ajá. Wọ́n yàtọ̀ síra. FIV sábà máa ń gba ojú egbò ìjà wọlé, ìyẹn ni pé ehín tó wọlé jinlẹ̀, nítorí náà ológbò méjì tí kì í jà lè jọ gbélé. FeLV ń gba itọ́ kọjá: fífi ahọ́n lá ara wọn àti abọ́ kan náà ti tó. Tí ẹ bá ti ní ológbò mìíràn, ẹ má gba oní-FeLV. Ọmọ ológbò tí kò tíì pé oṣù 6 tí àyẹ̀wò ní ó ní FIV, ẹ tún un yẹ̀ wò nígbà tó bá ti ju ọmọ oṣù 6 lọ. Ó lè jẹ́ èròjà agbóguntàrùn tó gbà lára ìyá rẹ̀ ló ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ológbò tó ní ìkan nínú méjèèjì kò gbọ́dọ̀ jáde nílé mọ́. Tó bá ń gbóná tàbí kò jẹun, ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e lọ, nítorí ara rẹ̀ kò lágbára àtibá àrùn kékeré jà.

Ikọ́ fée: ó máa ń lóṣòó, á na ọrùn síwájú, á wúkọ́ bí ẹni fẹ́ bì, ohunkóhun kò sì ní jáde. Kọ́ìlì ẹ̀fọn, èéfín sítóòfù, tùràrí, eruku ọyẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń ta á. Ilé tí wọ́n ti ń dáná igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kò yẹ ẹ́. Tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí èyí tí a ń fà símú pẹ̀lú ìbòmú kékeré ni wọ́n máa ń kọ. Tó bá jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì, prednisolone ni kí ẹ rà, ẹ má gba prednisone dípò rẹ̀: ẹ̀dọ̀ ológbò kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ìkejì yìí padà sí èyí tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má dá a dúró lójijì láìsọ fún dókítà.

Kíndìnrín: ó wọ́pọ̀ gan-an lára ológbò tó ti dàgbà. Yóò máa mu omi ṣáá, yóò máa tọ̀ púpọ̀, yóò sì máa rù. Oúnjẹ tí phosphorus rẹ̀ kéré, ìyẹn èròjà kan tó pọ̀ nínú egungun, ni wọ́n máa ń kọ fún un. Nítorí náà edé àti ẹja gbígbẹ tí a gún tegungun-tegungun, tó jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dá ológbò lọ́rùn, kò bá a mu rárá. Dókítà lè ní kí ẹ máa fa omi sábẹ́ awọ rẹ̀ nílé. Omi Ringer’s Lactate ni wọ́n sábà ń lò. Èyí tó ní dextrose, ìyẹn ṣúgà, kò yẹ fún abẹ́ awọ. Iye mílílítà tí dókítà kọ ni kí ẹ fún un. Ẹ ki àpò omi náà sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí yóò fi gba ìgbóná ara, ẹ fi kọ́ orí ìṣó tó ga ju orí yín lọ, ẹ fa awọ láàárín èjìká rẹ̀ sókè bí àgọ́, kí ẹ ki abẹ́rẹ́ sí ìdí àgọ́ náà. Kókó kan á wú níbẹ̀, ó sì lè yọ̀ lọ sí apá rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, á fà wọlé láàárín wákàtí díẹ̀. Tí omi bá ń dà sára irun rẹ̀, abẹ́rẹ́ ti gba òdìkejì awọ jáde. Abẹ́rẹ́ tuntun nígbà gbogbo.

Àtọ̀gbẹ: níbi ni àṣìṣe kékeré ti ń pani. Insulin, abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà ara wálẹ̀, ni oògùn rẹ̀. Ti èèyàn tó wà ní ilé olóògùn wa sábà máa ń jẹ́ U-100, ìyẹn ìwọ̀n 100 nínú mílílítà 1. Àwọn kan tí wọ́n ṣe fún ẹranko jẹ́ U-40. Síríǹjì kálukú ní tirẹ̀. Bí ẹ bá fi síríǹjì U-40 fa insulin U-100, ohun tí ẹ kà sí 1 ti di 2.5, ṣúgà ara rẹ̀ á já wálẹ̀, ó sì lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ bá ṣe òdìkejì, 0.4 péré ló wọlé, ẹ ó sì máa rò pé òògùn kò ṣiṣẹ́. Ẹ ka ara ìgò, ẹ ka ara síríǹjì, kí ẹ tó fà.

Wákàtí 12 láàárín abẹ́rẹ́ méjì. Ẹ jẹ́ kó jẹun kí ẹ tó gún un. Tí kò bá jẹun, ẹ má fún un ní ìwọ̀n tó máa ń gbà. Ẹ pe dókítà. Tó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń gbọ̀n, tàbí tó rọ̀ wọ̀ọ̀, ẹ fi ìka pa oyin tàbí glucose tí ẹ fi omi díẹ̀ pò mọ́ èrìgì rẹ̀, kí ẹ sì gbéra lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má da nǹkan sí ọ̀fun ológbò tó ti dákú.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù. 2°C sí 8°C ni ìgò tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà, kò sì gbọ́dọ̀ di yìnyín. Èyí tó bá ti dì, ẹ dà á nù. Fíríìjì tí a kò ṣí lẹ́yìn tí wọ́n mú iná lọ máa ń tutù fún nǹkan bíi wákàtí 4. Ìgò tí ẹ ń lò lọ́wọ́ lè wà nínú ìkòkò amọ̀ méjì: ẹ ki ọ̀kan sínú èkejì, ẹ rọ iyanrìn tútù sí àárín wọn, ẹ fi aṣọ tútù bò ó, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà ọyẹ́ nítorí pé afẹ́fẹ́ gbẹ. Nígbà òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù. Kò lè dé 8°C láéláé, nítorí náà ẹ má kó ìgò tuntun sínú rẹ̀. Ẹ bẹ olóògùn tó ní iná oòrùn kó bá yín fi ìyẹn pamọ́. Ohun kan tí inú èèyàn ń dùn sí: tí ìtọ́jú bá tètè bẹ̀rẹ̀, tí oúnjẹ tí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kéré bá tẹ̀ lé e, àwọn ológbò kan máa ń dé ibi tí wọn kò nílò insulin mọ́. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ṣúgà kò fi gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró.

4. Yàrá rẹ̀ kó tó dé

Ẹ sọ fún onílé àti àwọn alájọgbé ṣáájú, pàápàá tó bá jẹ́ ológbò dúdú, nítorí ọ̀rọ̀ àjẹ́ ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn kan. Ẹ sọ fún wọn pé kò ní jáde. Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n ń fi májèlé pa eku.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò lè dá ológbò dúró. Nẹ́ẹ̀tì onírin ni kí ẹ kàn mọ́ fèrèsé. Báàfù méjì fún ológbò kan, iyanrìn odò tí ẹ ti jọ̀ tí ẹ sì ti sá sóòrùn, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Fún ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ kan báàfù náà sílẹ̀. Ẹ máa kó o lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹ sì máa wo bí ibi tó tutù ṣe tóbi tó: ìyẹn ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa kíndìnrín àti ṣúgà. Aboyún kò gbọ́dọ̀ kó o.

Omi: ológbò kílò 4 nílò nǹkan bíi mílílítà 200 lójúmọ́, pẹ̀lú èyí tó wà nínú oúnjẹ. Ẹ wọn èyí tí ẹ bù láàárọ̀, ẹ wọn èyí tó ṣẹ́kù lálẹ́. Oúnjẹ ológbò gidi, tí wọ́n dì lápò, ni kó jẹ́ ìpìlẹ̀. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń wọ̀n látinú àpò ṣíṣí, pàápàá nígbà òjò, ó ń bu. Oúnjẹ ajá kò tó o: kò ní taurine tó, ìyẹn èròjà kan tí ara ológbò nílò, àìní rẹ̀ sì ń ba ojú àti ọkàn ológbò jẹ́. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù kì í ṣe oúnjẹ ológbò, àlùbọ́sà inú rẹ̀ ń pa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ oúnjẹ, ẹ fi ọjọ́ 7 sí 10 ṣe é: ìdá kan nínú mẹ́rin lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìdajì.

5. Ìrìn àjò

Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ gbé e. Àgò tó le, tó ní ìlẹ̀kùn. Apẹ̀rẹ̀ èso onírọ́bà méjì tí a dojú kọra tí a sì so pinpin náà ń ṣiṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ wọ búùtù. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó dúró sóòrùn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ti pọ̀ jù. Ẹ má fún un lóúnjẹ fún wákàtí bíi 4 ṣáájú kó má baà bì, àfi alátọ̀gbẹ: tirẹ̀, ẹ bi dókítà.

6. Ọjọ́ 14 àkọ́kọ́

Yàrá kan ṣoṣo ló máa wà. Láàárín ọjọ́ 3, kí dókítà yín rí i. Ẹ gbé ìwé rẹ̀ dání. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àti òògùn aràn. Ológbò tó ní ìbẹ̀rù lè sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ méjì, ẹ má fà á jáde. Àmọ́ èyí tí kò jẹun fún wákàtí 24 kì í ṣe ojora: ẹ pe dókítà. Tó bá tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ọ̀rá lè bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, pàápàá tó bá sanra, àìsàn kejì tún dé nìyẹn.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Lójoojúmọ́, ẹ kọ iye tó jẹ, omi, ìtọ̀, ìgbẹ́, òògùn àti aago. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e gun òṣùwọ̀n pẹ̀lú ara yín, ẹ sì yọ ìwọ̀n tiyín kúrò. Kílò 4 tó di 3.8 ti pàdánù ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú kò lè rí i lára irun, òṣùwọ̀n ló ń rí i.

7. Bí a ṣe ń fún un ní tábúlẹ́ẹ̀tì

Ẹ fi tọ́wẹ́ẹ̀lì wé e bí ẹ̀kọ, kó jẹ́ orí nìkan ló yọ. Ẹ fi ọwọ́ òsì di orí rẹ̀ láti òkè, àtàǹpàkò àti ìka kejì ní igun ẹnu. Ẹ gbé orí náà sókè títí imú rẹ̀ yóò fi kọjú sí àjà. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ á là fúnra rẹ̀. Ẹ ju tábúlẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn ahọ́n, ẹ pa ẹnu dé, ẹ fọwọ́ ra ọ̀fun rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń fi sílẹ̀ ni ti omi: ẹ fi síríǹjì tí kò lábẹ́rẹ́ fún un ní mílílítà 5 omi, díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tábúlẹ́ẹ̀tì gbígbẹ lè há sí ọ̀nà ọ̀fun, doxycycline pàápàá máa ń jó o níbẹ̀. Tí itọ́ bá ń hó lẹ́nu rẹ̀, òògùn ló korò. Kì í ṣe májèlé.

8. Ohun inú ilé tó ń pa ológbò

Parasẹ́tamọ́ọ̀lù ló ṣáájú. Tábúlẹ́ẹ̀tì 500 mg kan ṣoṣo lè pa ológbò àgbà, nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní ohun tó fi ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ibuprofen náà ńkọ́? Ẹ má fún un. Òògùn eégbọn ajá tó ní permethrin kò gbọ́dọ̀ kàn án. Izal tí ẹ fi nu ilẹ̀ á lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, á sì fi ahọ́n lá a. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ lò, kí ẹ ṣàn án dáadáa. Sniper, ẹ gbé e kúrò nílé pátápátá. Wàrà màlúù kì í pa á, ìgbẹ́ gbuuru ló máa ń fún ọ̀pọ̀ wọn, èyí tó ní àrùn kíndìnrín kò sì ní omi ara tó lè fi tàfàlà.

9. Ìgbà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dúró de àárọ̀

Akọ tó ń wọ báàfù lọ, wọ báàfù bọ̀, tó ń ké, tó ń lá ìdí rẹ̀, tí nǹkan kan kò sì jáde: àpò ìtọ̀ rẹ̀ ti kún. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó lè bẹ́. Ẹ má rò pé ìgbẹ́ ló há mọ́ ọn, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Potassium, èròjà kan tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde, ń gbá jọ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì lè dá ọkàn rẹ̀ dúró láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Kódà kó jẹ́ òru, ẹ gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bákan náà ni èyí tó ń fi ẹnu mí, èyí tí èrìgì rẹ̀ funfun, èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ rọ lójijì tó sì ń ké, àti èyí tí gìrì mú.

10. Àpótí òògùn

Ẹ ka òògùn lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá ti ku ti ọjọ́ 14, ẹ ra òmíràn, ẹ má dúró kó ku mẹ́ta. Lóṣù August, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tí àlejò bá ti kún ìlú, ẹ rà á ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ Iléyá àti ti Kérésì náà bẹ́ẹ̀, nítorí dókítà pàápàá máa ń lọ sílé. Ẹ kọ nọ́ńbà dókítà méjì àti ti awakọ̀ kan tó ń gba ìpè òru sí ara ìlẹ̀kùn fíríìjì, kí ẹni tó bá ń bá yín ṣọ́ ológbò lè rí i láìní ṣí fóònù yín.